Wíwẹ màlúù ìpàtẹ nínú ọyẹ́: ṣé omi ni ká bẹ̀rù ni, àbí atẹ́gùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ní akọ màlúù funfun kan, irú ti àwọn Fúlàní, ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní kí n mú un wá síbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn ní Adó láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ sì mọ bí ọyẹ́ ṣe ń mú lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ti sọ itan rẹ̀ di pupa, eruku ti bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá mi ní tí mo bá da omi sí i lára nínú ọyẹ́, òtútù àyà ni yóò pa á. Ọ̀rẹ́ mi sì fi fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà kan hàn mí: yìnyín bo ilẹ̀ lóde, wọ́n ń fi omi tútù wẹ màlúù, ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é kí irun rẹ̀ lè hù dáadáa. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Tí mo bá sì máa wẹ̀ ẹ́, ṣé kí n gbé omi kaná ni?

* * *

Wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ohun tí wàá fi nù ún títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ kí oòrùn tó rọlẹ̀, má ṣe da igbá omi kan sí i lára. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà, ibẹ̀ náà ni màá sì máa padà sí.

Ilé tó bá ṣì ń lo àmù mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ni omi inú rẹ̀ máa ń tutù jù. Kò sẹ́ni tó fi yìnyín sí i. Omi ló ń jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, atẹ́gùn gbígbẹ ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru inú àmù dání. Màlúù tí ara rẹ̀ rin, tó wá dúró sínú atẹ́gùn ọyẹ́, ó ti di àmù nìyẹn. Ooru ara rẹ̀ ni atẹ́gùn ń kó lọ.

Àwọn tó ń kọ́ni nípa ẹran ọ̀sìn ní Amẹ́ríkà ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní màlúù tí irun òtútù rẹ̀ nípọn dáadáa, tó sì gbẹ, lè fara da òtútù títí dé nǹkan bíi -8°C kó tó di pé ó ń fi oúnjẹ tó jẹ dáná fún ara rẹ̀. Tí irun náà bá rin, nǹkan bíi 15°C ni ìyà ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹran yẹn náà ni, irun yẹn náà ni, omi nìkan ló wọ àárín wọn. Ní ìdájí ọyẹ́, lórí òkè bíi Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti lápá ọ̀dọ̀ yín ní Ìkọ̀lé, òtútù kì í jìnnà sí 15 yẹn. Màlúù tiwa kò sì ní irun òtútù kankan. Irun rẹ̀ kúrú, ó fẹ́lẹ́, ooru ni a dá a fún.

Nítorí náà bàbá rẹ rí nǹkan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n gbà tọ́ka sí i nìkan ni mi ò gbà.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òtútù àyà yìí tán, torí lẹ́yìn ìdáhùn mi òkè yìí, ẹni mẹ́ta nínú àwọn tó ń kà wá ti kọ̀wé wá pé bàbá náà tọ̀nà, pé àwọn rí màlúù tí wọ́n wẹ̀ lónìí tó kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Omi kì í dá òtútù àyà sílẹ̀. Kòkòrò àìsàn ló ń dá a sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ti wà ní imú àti ọ̀fun màlúù tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń dúró de ọjọ́ tí agbára ẹran náà bá dínkù ni. Òtútù tó mú un mọ́jú lè dín agbára yẹn kù lóòótọ́. Eruku ọyẹ́ tó ń fà símú láti òwúrọ̀ dé alẹ́ náà ń ṣe é. Kí á kó o sínú ọkọ̀ tí kò ní ìbòrí, kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ láti Ìkọ̀lé dé Adó, kí ó sọ̀kalẹ̀ sáàárín ẹran ogún tí kò mọ̀ rí, ìyẹn gan-an ni mo bẹ̀rù ju kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta lọ.

Mo fẹ́ kí o fetí sí èyí: àìsàn ẹ̀dọ̀fóró màlúù kan wà ní Nàìjíríà tó ń ran láti ara ẹran kan sí èkejì nípa ikọ́. Tí wọ́n bá so ẹran rẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń wúkọ́ níbi ìpàtẹ, kò sí ọṣẹ tàbí aṣọ ìnura tó lè gbà ọ́. Sọ pé kí wọ́n yí i kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní o ń yájú, yájú.

Àwọn tó ní ẹran tí a wẹ̀ kú lọ́sẹ̀ kejì, mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni aago mélòó ni wọ́n wẹ̀ ẹ́, ibo ló sùn, ta ló nù ún. Ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti dá mi lóhùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wẹ tiẹ̀, ìta gbangba ló sì sùn.

* * *

Ìyá kan láti Ìjerò ní omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lòun máa ń lò, pé ẹni tó bá fi omi tútù wẹ màlúù nínú ọyẹ́ kò láàánú. Èèyàn púpọ̀ ti gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ìyá mi, ẹ má bínú. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ dára fún ìdọ̀tí. Ìgbẹ́ tó ti gbẹ mọ́ irun ìdí ìrù, omi tútù kì í tètè rọ̀ ọ́, èèyàn á máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí awọ á fi bó. Ẹran náà á sì dúró jẹ́ẹ́ tí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́, kò ní máa ta ẹsẹ̀. Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé kí èèyàn gbà pé nítorí omi gbóná, iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá fi kọjá, omi gbígbóná àti omi tútù ti di ọ̀kan náà lára ẹran. Omi tó gbóná tún máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wá sítòsí awọ, ooru ara á sì tètè jáde. Mo ti rí ẹran tí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ tó gbọ̀n ju èyí tí wọ́n fi omi kànga wẹ̀, nítorí ọkàn ẹni tó wẹ èyí tó gbóná ti balẹ̀, kò nù ún.

Tí ìgbóná omi bá ń dà ọ́ láàmú, gbé dúrọ́ọ̀mù dúdú sínú oòrùn láti àárọ̀. Tí oòrùn bá fi dé àtàrí, omi inú rẹ̀ á ti lọ́wọ́ọ́wọ́, láìlo igi ìdáná kan. Omi kànga pàápàá kò burú tó bí a ṣe rò. Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ìdájí ọyẹ́ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde, wàá rí i pé ó móoru ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Akọ màlúù bíi tìrẹ, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta sí mẹ́rin á tó o. Gbé ẹyọ kan kaná fún itan, ìdí ìrù àti abẹ́ ikùn. Fi ti inú dúrọ́ọ̀mù ṣe ìyókù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá kí àwọn tó wà nítòsí Ìkọ̀gọ̀sì máa lo omi gbígbóná ibẹ̀. Rárá o. Ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé láìpàdánù ìwà ara wọn, ibi àbẹ̀wò tí gbogbo ayé ń wá wò l'Ékìtì nìyẹn, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ti ìgbẹ́ màlúù sí. Báwo lo sì ṣe fẹ́ dá ẹran tí ara rẹ̀ rin padà sílé láti ibẹ̀?

* * *

Ó yá, fídíò Amẹ́ríkà.

Mi ò pè é ní irọ́. Oṣù Ṣẹ́rẹ́, láàárín òtútù, ni ìpàtẹ ẹran ńlá ti ìlú Denver máa ń wáyé, láti 1906 ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ wẹ ẹran nínú òtútù. Ṣùgbọ́n wo ohun tí fídíò náà kò dúró lé lórí. Inú ilé tó ní ògiri ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lọ́wọ́ wọn tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó le, wọn kò sì ní pa ẹ̀rọ yẹn títí irun yóò fi gbẹ dé ìdí. Lọ́jọ́ tí òtútù bá ti kọjá ibi tí omi ti ń dì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fọwọ́ kan omi rárá, wọ́n á fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku kúrò, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì yà á, ó tán.

Ìdí tí wọ́n fi ń da omi tútù sí ẹran lójoojúmọ́ sì yàtọ̀ sí tiwa. Irun ni wọ́n ń wá. Màlúù bíi Angus àti Hereford máa ń hu irun gígùn, irun yẹn ni wọ́n ń yà sókè, tí wọ́n ń gé, tí wọ́n fi ń mú kí ẹran náà sanra lójú ẹni tó ń dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tó sì ń sọ fún màlúù pé kó hu irun òtútù jù lọ ni bí ọ̀sán ṣe ń kúrú sí i. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀sán á kúrú gidigidi tí ọdún bá fẹ́ parí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀sán oṣù Ọ̀pẹ àti ọ̀sán oṣù Òkúdù kò fi wákàtí kan ju ara wọn lọ. Wẹ màlúù funfun rẹ nínú omi tútù títí di ọdún tó ń bọ̀, irun rẹ̀ kò ní gùn sí i. Òróró ara rẹ̀ nìkan ni wàá fọ̀ dànù, ọyẹ́ á sì bá a níhòòhò.

Ẹwà màlúù tiwa ò sí nínú irun gígùn. Ó wà nínú awọ tó ń dán, iké tó dúró ṣánṣán, ìwo tó tẹ̀ sókè bí apá ẹni tó gbé igbá rù, àti funfun tí kò ní àbàwọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo máa wẹ̀ ẹ́: lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì. Láàárín méjèèjì, búrọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí o pè ní ìdọ̀tí, eruku ni, eruku kì í ṣe iṣẹ́ omi.

* * *

Ẹnì kan kọ̀wé pé mò ń tẹnu mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ pé kí ara ẹran gbẹ tán, pé òun fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹran òun, ó gbẹ, ó tán. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí ní ẹran kan.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní abo màlúù kan tí à ń pè ní Àbẹ̀kẹ́. Ọ̀sán ni mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń gbé omi fún mi kò tètè dé, agogo márùn-ún ti kọjá kí kẹ́ẹ̀gì tó balẹ̀. Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo ní oòrùn ṣì wà, mo wẹ̀ ẹ́. Mo fi aṣọ ìnura méjì nù ún, mo fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbẹ, irun ń dán. Mo bá lọ jẹun.

Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ọmọ tó ń bá mi ṣọ́ wọn kan ilẹ̀kùn: "Bàbá, Àbẹ̀kẹ́ ò jẹ àpọ̀jẹ o." Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká sókè, ó kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sójú kan, irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dìde. Mo di etí rẹ̀ mú, ó tutù bí òkúta inú odò. Ó ń gbọ̀n láti èjìká dé itan.

Alhaji kan tó ń sin màlúù nítòsí wa ni mo sáré lọ pè. Wọn kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá iwájú rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé àyà, wọ́n fà á yọ, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Omi ni. Láti agogo márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, abẹ́ apá rẹ̀ sì wà bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i.

Àpò kòkó la fi ra á, Alhaji lọ́tùn-ún, èmi lósì. Èyí tó bá rin, a jù ú sílẹ̀, a mú òmíràn. Nígbà tó di nǹkan bí agogo kan òru, mo di etí rẹ̀ mú, ó ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́jú kí n tó gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń lọ. Kò kú. A ò mú un lọ síbi ìpàtẹ náà ṣá.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba ẹ̀rí ẹ̀yìn màlúù gbọ́ mọ́. Abẹ́ apá ni mò ń bi léèrè, àti àárín itan, àti abẹ́ awọ tó rọ̀ sísàlẹ̀ ọrùn, àti ẹ̀yìn iké níbi tí omi máa ń dúró sí bí omi inú kòtò. Tí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn bá gbẹ, mo lè lọ jẹun.

* * *

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, fún ẹni tó béèrè:

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ kí eruku ọyẹ́ tó là lójú oòrùn, ìyẹn nǹkan bí agogo mọ́kànlá. Tí aago méjì bá ti kọjá, ó di ọ̀la. Ẹran náà á ti jẹun kí n tó fọwọ́ kàn án, koríko gbígbẹ tó pọ̀, torí ikùn màlúù ni ààrò rẹ̀. Bí koríko ṣe ń rà níkùn rẹ̀ ló ń mú ooru jáde, ẹran tí ebi ń pa ni òtútù máa ń tètè mú. Búrọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ lọ káàkiri nígbà tí irun ṣì gbẹ, kí eruku má baà di ẹrẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ni omi kọ́kọ́ kàn, kó mọ̀ pé omi ń bọ̀, kí n tó máa gòkè. Mi ò da omi sí orí. Aṣọ tó rin díẹ̀ ni mo fi ń nu ojú, omi ò gbọdọ̀ wọ etí rẹ̀.

Apá kan ni mò ń ṣe tán kí n tó bọ́ sí èkejì. Bí mo bá ti ṣan ọṣẹ kúrò, igi pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti fá etí rẹ̀ kó má gé awọ, òun ni mo fi ń tẹ omi láti ẹ̀yìn wálẹ̀ sí ikùn, omi á máa ṣàn bí ìgbà tí òjò ń jò lára páànù. Ó yà mí lẹ́nu bí igi lásán ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aṣọ. Àpò kòkó ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà aṣọ ìnura. Kí á wá fà á rìn nínú oòrùn fún bí ìdajì wákàtí, kì í ṣe kí á so ó mọ́ igi kó dúró. Ẹran tó ń rìn ń dáná fún ara rẹ̀.

Alóyún tó ti sún mọ́ ìbí, ọmọ màlúù, èyí tó ń wúkọ́, mi ò wẹ̀ wọ́n nínú ọyẹ́, ìpàtẹ yòówù kó dé.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ti wá fẹ́ gba iwájú ìbéèrè. Apá kan ní ọṣẹ dúdú nìkan, apá kejì ní ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ẹnì kan tún dárúkọ omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun.

Ti ìkẹyìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Awọ á jó.

Ọṣẹ ìfọṣọ ń yọ ìdọ̀tí lóòótọ́, ó sì ń yọ òróró ara pẹ̀lú, nínú ọyẹ́ tí ètè àwa èèyàn pàápàá ti ń là. Ọṣẹ dúdú ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó rọ̀ nítorí pé ilé la ti ṣe é. Eérú ni wọ́n fi ń sè é, eérú èèpo kòkó pàápàá, eérú yẹn le. Yọ́ ọ sínú omi títí yóò fi ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, má fi odidi rẹ̀ ra ẹran. Kí o sì ṣan án ju bí o ṣe rò lọ. Ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù sí ìdí irun ló ń mú kí ara máa yún un, á wá lọ máa fi ara họ òpó, ọgbẹ́ á dé, ìpàtẹ á ku ọjọ́ kan.

Búlúù ìfọṣọ fún màlúù funfun? Mo ti rí i tó dára, díẹ̀ gan-an nínú kẹ́ẹ̀gì omi ìṣanra ìkẹyìn. Mo tún ti rí akọ màlúù kan tó jáde bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró. Dán an wò lára itan lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú.

Àwọn tó ń fi adí ra gbogbo ara rẹ̀ kó lè dán, ẹ ò rí i pé ọyẹ́ la wà? Adí ń pe eruku. Kí ẹ tó dé Adó, ẹran funfun á ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Pátákò àti ìwo nìkan ni mo ń fi òróró kàn, àti òrí díẹ̀ sí imú tó bá là.

* * *

Ti iná: ẹni méjì ní kí á dáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè tètè gbẹ. Mo mọ̀ pé àwọn Fúlàní máa ń dá èéfín fún ẹran wọn nítorí eṣinṣin, ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó ní koríko gbígbẹ nílẹ̀, àpò kòkó lórí ọgbà, atẹ́gùn ọyẹ́ lẹ́yìn, má dán an wò. Ẹ wo oko kòkó tó ń jó lọ́dọọdún ní àkókò yìí. Èéfín fúnra rẹ̀ á tún wọ ẹ̀dọ̀fóró tí eruku ti ń yọ lẹ́nu.

Ẹni tó ní kí á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Adó, omi tó ń jáde níbẹ̀ lágbára jù, á ti ìdọ̀tí wọ ìdí irun, á sì dẹ́rù ba ẹran. Dráyà àwọn onídìrí dára fún irun ìrù, bí iná bá wà tàbí bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀. Kò tó fún odidi màlúù, ẹran náà sì gbọ́dọ̀ ti mọ ariwo rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

* * *

Ohun kan tí kò sẹ́ni tó béèrè: ibi tó ń sùn. Láti ìgbà tí òfin 2016 ti fi ààlà sí dída màlúù káàkiri l'Ékìtì, ọ̀pọ̀ wa ló ń so ẹran mọ́lé. Ẹran tí a so mọ́lé ń sùn lórí ìgbẹ́ ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí itan fi ń pupa. Lọ gba lẹ́búlẹ́bú pákó ní sọ́míìlì, tẹ́ ẹ nípọn, kó èyí tó rin kúrò ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdajì omi tó fẹ́ lò kò ní wúlò mọ́.

Kí o sì mú búrọ́ọ̀ṣì tìrẹ dání lọ sí Adó. Má yá ẹnikẹ́ni, má sì yá ti ẹnikẹ́ni. Làpálàpá ń bá búrọ́ọ̀ṣì rìn, àrùn awọ tí àwọn darandaran ń pè ní kirchi náà lè bá a rìn.

* * *

Ó padà wá lónìí, ẹni tó béèrè. Ó ní ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ti wáyé lánàá, agogo méjìlá ọ̀sán. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, inú wọn kò dùn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló di okùn ẹran mú. Itan ti mọ́ àfi àmì kan. Ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ lágogo kan. Nígbà tó di agogo mẹ́ta, ó rántí ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá, ó sì bá omi níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n dìde lọ kó àpò wá. Ó ń béèrè bóyá agogo márùn-ún tí abẹ́ apá tó gbẹ tán ti pẹ́ jù, torí pé ẹran náà jẹun, ó jẹ àpọ̀jẹ, etí rẹ̀ sì gbóná.

Kò pẹ́ jù. Etí tó gbóná àti àpọ̀jẹ ni ìdáhùn. Tí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, pe dókítà ẹran kó bá ọ wọn ìgbóná ara rẹ̀: 38 sí 39°C àti díẹ̀ lé ni ti màlúù tó wà dáadáa. Àmì tó kù ní itan, má ha á. Fi í sílẹ̀ di ìwẹ̀ kejì, kí o fi aṣọ tí a ti rẹ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí o tó fi ọṣẹ kàn án. Nígbà náà, agogo mọ́kànlá ni kí o bẹ̀rẹ̀, má dúró di méjìlá. Kí bàbá mú apá ọ̀tún, kí ìwọ mú apá òsì, kí àpò kòkó mẹ́fà sì ti wà nínú oòrùn kí omi tó balẹ̀.